Orúkọ Igi ní Ilẹ̀ Kétu: Ìrìn Àjò Wa sí Odòmẹ́ta

Láàárín odò méjì ni ilẹ̀ gíga Kétu wà. Odò Wẹ̀mẹ̀ ń ṣàn lọ ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, odò Yewa sì wà ní ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ pupa ni, ó gba àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Bí òjò bá rọ̀, a lẹ̀ mọ́ bàtà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, eruku rẹ̀ a bo ewé, a bo aṣọ, a bo ògiri ilé. Lórí ilẹ̀ yìí ni kọ́múnù Kétu tẹ́ sí, àgbègbè mẹ́fà ló sì para pọ̀ dì í: Adakplamé, Idigny, Kpankou, Okpometa, Odòmẹ́ta, àti Kétu fúnra rẹ̀. Odòmẹ́ta ni ẹgbẹ́ wa yàn fún ìrìn àjò ọdún yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ló sì béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní Kétu ní odi àti ẹnu ibodè àtijọ́, Àjàṣẹ́ ní ààfin àti ọgbà òdòdó, kí ni Odòmẹ́ta wá ní tí a ó fi gbé ọmọ ènìyàn rin ọ̀nà jíjìn lọ síbẹ̀? Ìbéèrè náà tọ́, a sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí ohun tí a bá bọ̀ kan gbogbo ilé tí a ti ń sọ Yorùbá tí a sì ń kọ́ ọmọ ní èdè Faransé.

Àwa méjìdínlógún ni a jáde kúrò ní Àjàṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé: àgbà ẹgbẹ́ mẹ́fà àti akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá. A fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìkọ̀wé kan, a sì ní kí wọ́n fa ìlà sí àárín ojú ewé. Apá kan wà fún Yorùbá, apá kejì wà fún Faransé. Igi tàbí òdòdó yòówù tí a bá rí lọ́nà, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí apá méjèèjì. Iṣẹ́ kékeré ni a rò pé ó jẹ́, irú èyí tí a fi ń gba ojú oorun lọ́wọ́ ọ̀dọ́ nínú ọkọ̀.

Inú ọgbà ewéko tó wà ní Àjàṣẹ́, Jardin des plantes et de la nature, ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Igbó àìwọ̀ ni ibẹ̀ nígbà kan, igbó Mìgán, ìjòyè ńlá ọba ìlú náà. Ní 1895, nígbà tí Toffa wà lórí oyè, ìjọba amúnisìn Faransé sọ apá kan igbó náà di ọgbà tí wọ́n ti ń dán ohun ọ̀gbìn láti ilẹ̀ òkèèrè wò. Àwọn igi ńlá tí ó ti wà níbẹ̀ kí ọgbà tó dé ṣì wà láàárín àwọn àlejò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí igbó ṣe ń yí padà di ọgbà, kò ní láti lọ sí Yúróòpù; ó tó kí ó dúró sí abẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igi náà kí ó sì wo yíká.

Nínú ọgbà náà àti ní àwọn òpópó ìlú, apá Faransé nínú ìwé àwọn ọmọ wa kún kíákíá. Wọ́n kọ flamboyant, wọ́n kọ bougainvillée, wọ́n kọ frangipanier àti hibiscus. Òdòdó tó rẹwà ni gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àlejò bí orúkọ wọn. Madagásíkà ni flamboyant ti wá. Bougainvillée ń jẹ́ orúkọ atukọ̀ ojú omi kan, ará Faransé, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti mú un wá. Apá Yorùbá ṣófo. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ béèrè bóyá kí òun kàn kọ "òdòdó pupa" sí ẹ̀gbẹ́ èyí àkọ́kọ́ kí òun sì kọ "òdòdó pupa mìíràn" sí ẹ̀gbẹ́ èkejì. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá wa dé inú ọkọ̀.

Àgbà kan nínú wa mú ọ̀rọ̀ náà lò fún ẹ̀kọ́. Ó ní òdòdó, nínú Yorùbá àtijọ́, a máa tọ́ka sí aṣọ pupa fòò tí ọlọ́lá ń lò, pé àwọ̀ ni orúkọ náà gbé dání. Ó ní ọ̀rọ̀ kejì wà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, ìtànná. Igi tó bá yọ òdòdó, a ní ó tanná. Iná ni àwọn baba wa rí lórí ẹ̀ka, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tó wọ apá Yorùbá nínú ìwé wọn.

Láti Àjàṣẹ́, ọ̀nà gba Sakẹ́tẹ́ lọ sí Pobẹ̀, ìlú tó jẹ́ olórí ẹkùn Plateau. Ọgbà ọ̀pẹ ló pọ̀ jù ní apá ibẹ̀. Láti 1922 ni ilé ìwádìí lórí ọ̀pẹ ti wà ní Pobẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àjẹkù igbó kan sì kù sí, igbó gidi tí igi rẹ̀ ga tí òkùnkùn rẹ̀ sì tutù. A rìn díẹ̀ ní etí rẹ̀. Ẹni tó bá ti inú oòrùn oko ọ̀pẹ bọ́ sí abẹ́ igi yẹn, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Ìdí tí a fi pè é ní àjẹkù kọjá ọ̀rọ̀ àáké nìkan. Igbó kìjikìji tó na ẹsẹ̀ láti Láíbéríà wá, apá ìlà-oòrùn Gánà ni ó ti já. Òmíràn tún bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì lọ títí dé Kóńgò. Láàárín méjèèjì ni àlàfo kan wà tí òjò ibẹ̀ kò tó ti ọwọ́ ọ̀tún àti ti ọwọ́ òsì, ọ̀dàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí òkun. Àwọn onímọ̀ ń pe àlàfo yìí ní àlàfo Dáhómè. Inú rẹ̀ ni ilé wa wà. Nítorí náà, igbó tó bá ń bẹ ní ilẹ̀ wa, yálà kékeré tàbí ńlá, ó ní ohun tó mú un dúró: odò kan, ilẹ̀ ọlọ́ràá kan, tàbí àwọn ènìyàn kan tí wọ́n pinnu pé àáké kò ní wọ ibẹ̀.

Láàárín Pobẹ̀ àti Kétu ni ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí wà. Ilẹ̀ dúdú alámọ̀ ni. Ní ìgbà òjò, amọ̀ náà a gba ẹsẹ̀ ènìyàn, a gba ẹsẹ̀ ẹṣin, a sì gba táyà ọkọ̀. Ní 1914, nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ gba owó orí, tí wọ́n fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sójú ogun àti sí iṣẹ́ tipátipá, àwọn ará Ọ̀họ̀rí dìde. Amọ̀ àti igbó ni odi wọn. Ó gba ìjọba ní ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó borí wọn. Nígbà tí a ń kọjá níbẹ̀ lórí ọ̀nà ọlọ́dà, akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ pé gbogbo ohun tí òun ti kọ́ nípa ogun ní ilé ìwé, ìbọn àti ọ̀gágun ló wà nínú rẹ̀, kò sí amọ̀ níbẹ̀.

A dé Kétu nígbà tí oòrùn ti kàn ní àtàrí. Kò sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ Kétu tí kò ní sọ̀rọ̀ ibodè rẹ̀, Àkàbà Ìdènà. Òun nìkan ṣoṣo ló kù nínú odi tí ìtàn ìlú sọ pé Ọba Sà mọ. Ògiri rẹ̀ nípọn, ìlẹ̀kùn rẹ̀ wúwo, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó dènà fún ogun fún ọjọ́ pípẹ́. Ó gba àlejò wọlé pẹ̀lú: ní oṣù kìn-ín-ní 1853, Samuel Ajayi Crowther wá kí Alákétu, wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1886, ní ayé Glèlè, ọmọ ogun Dáhómè wọ Kétu, wọ́n jó o, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjọba Dáhómè ṣubú lọ́wọ́ àwọn Faransé ni àwọn tó kù lára wọn padà wálé, tí a sì tún fi Alákétu jẹ ní 1894.

Ọdún mẹ́jọ ni ó wà láàárín 1886 àti 1894. A dúró lábẹ́ ibodè náà, a sì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ronú sí ọdún mẹ́jọ yẹn. Ìlú tí kò sí ẹni tó ń gbá a, igbó ni yóò gbà á. Koríko á kọ́kọ́ wọ ojú agbo ilé, igi wẹ́wẹ́ á tẹ̀lé e, ẹyẹ á sì mú èso wá. Ẹni tó padà dé ní 1894, igbó ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Kí ó tó kọ́ ilé, ó ní láti ṣán igbó. Kí ó tó mọ ibi tí agbo ilé baba rẹ̀ wà, igi tó dúró síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni yóò fi dá a mọ̀. Ní ilẹ̀ tí ogun ti jó ilé, igi ni ìwé ìtàn.

Ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ Kétu pẹ̀lú, inú igbó ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé nígbà tí Ọba Ẹdẹ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Àrò, ọdẹ ló mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibi tí ìlú wà lónìí. Àwọn ọmọ Kétu tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà kò gbàgbé ọdẹ. Ní Bàhíà títí di òní, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ tó ni igbó, ni wọ́n ń pè ní ọba Kétu, ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ibẹ̀ sì ń pe ara wọn ní orílẹ̀-èdè Kétu. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀. Igi ni a sì fi ń gbẹ́ ojú rẹ̀. Bí igi bá tán, ojú náà kò ní ibi tí yóò ti wá.

Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ́kàn ni a fi gba ọ̀nà Odòmẹ́ta. Lórí pátákó ojú ọ̀nà, àmì Faransé ni wọ́n fi kọ orúkọ náà. Àwọn ará Nàìjíríà a máa fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà. Ìwé èdè ìbílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin a máa lo ɛ àti ɔ. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà kọ ọ́, ohùn kan náà ni. Etí Yorùbá gbọ́ "odò" àti "mẹ́ta" nínú rẹ̀ lẹ́ṣẹ̀kẹsẹ̀, àwọn ọmọ wa sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró.

Kò sí ọgbà tí wọ́n fi irin ká ní Odòmẹ́ta. Kò sí ẹni tó ń gba owó ìwọlé, kò sì sí pátákó lára igi. Àwọn ilé wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láàárín oko àgbàdo àti oko ẹ̀gẹ́, ọ̀gbà ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sì jẹ́ igi tó yè. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé wa lọ́kàn ni akòko tí wọ́n gbìn ní ìlà, ìtànná wọn pupa rẹ́súrẹ́sú lórí ewé dídán. Lẹ́yìn ilé ni ẹ̀fọ́ wà, ewúro, èfìrín, tẹ̀tẹ̀, àti ọ̀dúndún nínú ìkòkò tó fọ́. Ní etí ọ̀nà ni pèrègún tò sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya ìwé wọn, wọ́n dúró, wọn kò mọ ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ kọ.

Ìyá àgbà kan tó ń pa àgbàdo ní iwájú ilé rẹ̀ rí wa. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a kí wọn. Wọ́n ní, "Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí lẹ ń wá nínú ewé?" A sọ iṣẹ́ wa fún wọn. Wọ́n ju àgbàdo ọwọ́ wọn sínú agbọ̀n, wọ́n dìde, wọ́n sì mú wa rìn yíká agbo ilé wọn fún bíi wákàtí kan. Wọ́n fi ọwọ́ kan ewé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀. Akòko ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ewé rẹ̀ ni a ń fi sí orí ẹni tí a fẹ́ fi joyè. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ pèrègún, wọ́n ní òun ló ń sọ fún ènìyàn ibi tí ilẹ̀ tirẹ̀ dópin, pé bí ó bá tanná, alẹ́ ni òórùn dídùn rẹ̀ ń jáde. Wọ́n fi ewé kan hàn wá fún ibà ọmọdé, wọ́n fi òmíràn hàn wá fún inú rírun, wọ́n sì fi ẹ̀kẹta hàn wá tí wọ́n sọ pé kò wúlò fún nǹkankan. A béèrè ìdí tí wọ́n fi gbìn ín. Wọ́n ní, "Ó wù mí."

Apá Yorùbá nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún títí ó fi dé ẹ̀yìn ìwé. Apá Faransé ni ó ṣófo báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ewéko ní yunifásítì dárúkọ akòko ní èdè Látìn, Newbouldia laevis. Ìyá àgbà ní kí ó tún un sọ, wọ́n tẹ́tí sí i dáadáa, wọ́n ní orúkọ náà gùn, ṣé ó ń dáhùn bí a bá pè é bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ọjọ́ rọ̀, wọ́n mú wa dé etí igbó kékeré kan lẹ́yìn abúlé. Ìrókò kan dúró níbẹ̀, aṣọ funfun wà ní ìdí rẹ̀, ìlà pèrègún sì yí gbogbo ibẹ̀ ká. Wọ́n dúró ní ìta ìlà náà, àwa náà sì dúró. Wọ́n ní, "A kì í wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ lásán." A gbọ́ igbe ẹyẹ tí a kò tí ì gbọ́ láti àárọ̀. Yíká igbó náà, oko lásán ni títí ojú fi tó o, àwọn kùkùté igi sì wà nínú oko.

Irú igbó bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ìwádìí tí Agbo àti Sokpon ṣe ní 1998 ka 2,940 igbó òrìṣà ní orílẹ̀-èdè Benin, kékeré sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Ní 2012, ìjọba fi àṣẹ kan lélẹ̀ tí ó fún wọn ní ipò lábẹ́ òfin. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n lójú ohun tí a rí ní ọjọ́ náà, ẹnu ìyá àgbà ni òfin igbó yẹn wà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni, Yorùbá ni wọ́n sì fi sọ ọ́.

Èédú ni ìdí tí kùkùté fi pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀nà Kétu ti rí àwọn àpò èédú tí wọ́n tò sí etí ọ̀nà, tí ọkọ̀ ń kó lọ sí Kútọnu àti Àjàṣẹ́. Èédú yẹn ni a fi ń se oúnjẹ nínú ilé tiwa náà. Ní ọjọ́ kejì a bá ọkùnrin kan, ọmọ bí ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, ní ibi tí ó ti ń sun èédú. Ó ti to igi jọ, ó fi koríko bò ó, ó fi ilẹ̀ bo koríko, èéfín sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú ihò tó dá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ń sùn sí ìdí rẹ̀ ní òru, nítorí bí iná bá rí ọ̀nà jáde, eérú ni yóò kó.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣé ẹ kì í bẹ̀rù pé igi á tán?"

Ó ní, "Àbúrò, mo ń bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù kẹsàn-án ni ilé ìwé ń wọlé. Ẹ̀rù ìyẹn ló ń kọ́kọ́ bà mí."

Ọmọ mẹ́ta ló ní. Èyí àgbà, ọmọbìnrin, wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, ó ń bá baba rẹ̀ bu ilẹ̀. Èédú ló ń san owó ìwé rẹ̀ àti aṣọ ilé ìwé rẹ̀. A béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ orúkọ àwọn igi tó wà ní àyíká. Ó dárúkọ àyìn, ó ní èédú rẹ̀ le, kì í tètè jó tán. Ó dárúkọ emi. Ó dárúkọ àwọn méjì mìíràn tí wọ́n ń sun. A fi ọwọ́ tọ́ka sí igi kan tó dúró ní ẹ̀yìn rẹ̀, tí ìtànná pupa bo orí rẹ̀ bí iná. Ó wò ó, ó ní, "Ìyẹn kì í jó dáadáa, mi ò mọ orúkọ rẹ̀." Baba rẹ̀ dá a lóhùn láti ibi tó wà: "Òrúrù ni."

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni a rò ju ohun gbogbo lọ nínú ìrìn àjò náà. Kì í ṣe ọmọ aláìmọ̀kan. Ó mọ orúkọ igi tí a ń tà, ní Yorùbá tó gún régé. Ó mọ arbre, feuille àti fleur ní Faransé, bí ilé ìwé ṣe kọ́ ọ. Láàárín ohun tí ọjà ń béèrè àti ohun tí ilé ìwé ń béèrè, òrúrù bọ́ sílẹ̀. Igi tí a bá sun ni a ń fi rán ọmọ lọ sí ibi tí yóò ti kọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo igi. A kò lè dá baba náà lẹ́bi, a kò sì lè dá ilé ìwé nìkan lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ìran méjì sí i, ìyá àgbà á ti lọ, ọ̀rọ̀ wọn á ti bá wọn lọ, pèrègún á sì di igi lásán ní etí oko, èyí tí ẹnikẹ́ni lè fa tu.

Àwọn kan lè wí pé orúkọ kì í dá igi sí. Ó yẹ kí a fún wọn lésì. Ní èdè wa, orúkọ ewé ṣe ju àmì lọ. Ìmọ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà máa ń so orúkọ ewé mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá a dọ́gba ní ohùn, kí iṣẹ́ ewé náà má bàa sọnù. A ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Ọmọ tó gbọ́ òwe yìí kò ní gbàgbé tẹ̀tẹ̀, kò sì ní gbàgbé ohun tí a ń fẹ́ lára rẹ̀. Pe ẹ̀fọ́ kan náà ní amarante, oúnjẹ ṣì wà, òwe ti lọ. Èdè Faransé kò jẹ̀bi, ó ní òwe tirẹ̀ fún ewéko tirẹ̀. Tiwa ni a gbọ́dọ̀ fi pa mọ́ fún tiwa.

Ẹni tó kọ́kọ́ lóye èyí tó sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, ará Faransé ni, Kétu sì ni ọ̀nà rẹ̀ gbà. A bí Pierre Verger ní Paris ní 1902, ayàwòrán sì ni. Ní 1953, ní Kétu, ó di babaláwo, wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ti àwọn babaláwo, ó ń kọ orúkọ ewé, iṣẹ́ wọn àti ọ̀rọ̀ tí a ń pè sí wọn. Ìwé rẹ̀ Ewé jáde ní Brazil ní 1995, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀, ó lé ní 400 ìlò ewé tó wà nínú rẹ̀. Ìmọ̀ tí ó jáde láti ilẹ̀ Kétu ti di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà ní Bàhíà. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á ní Odòmẹ́ta pẹ̀lú, kí ó sì fi ìyá rẹ̀ àgbà ṣe ẹlẹ́rìí ohun tó kà.

Nítorí náà, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn orúkọ tí a kó bọ̀ pọ̀, Yorùbá ní apá kan, Faransé ní apá kejì, Látìn ní ìsàlẹ̀. Ibi tí apá Yorùbá bá ṣófo, bí ti bougainvillée, a ó bi àwọn àgbà ohun tí wọ́n ń pè é. Àlejò tó bá ti pẹ́ ní ilé a máa ní oríkì. Ibi tí apá Faransé bá ṣófo, iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyẹn. A bẹ ẹ̀yin òǹkàwé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní àgbègbè yín, ní Sakẹ́tẹ́, ní Pobẹ̀, ní Ìmẹ̀kọ ní òdìkejì ààlà, nítorí kò sí ewé tó mọ ààlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889.

Ohun kejì tí a fẹ́ ṣe ní ọwọ́ àti ọkọ́ nínú. Láti 1985 ni ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ti jẹ́ ọjọ́ igi ní orílẹ̀-èdè Benin. Tíìkì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbìn ní ọjọ́ náà, nítorí ó yá láti dàgbà, ọjà rẹ̀ sì dájú. Asunèédú Odòmẹ́ta sọ fún wa pé bí òun bá rí ẹni tó máa fún òun ní ọmọ igi àyìn, òun á gbìn ín sí ẹ̀yìn oko òun, kí òun lè máa gé apá kan kí òun sì máa fi apá kan sílẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé irúgbìn àyìn kì í hù dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ tí a bá gbìn, díẹ̀ ni yóò yọjú. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ewéko wa ti kó irúgbìn náà bọ̀ nínú àpò ìwé, ó ti dà á sínú ilẹ̀ nínú ike ní ẹ̀yìn ilé àwọn òbí rẹ̀, ó ń bu omi sí i. Àwọn tó bá ti hù kí oṣù kẹfà tó dé ni a ó gbé lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó mú ọkọ́ dání, kí ó sì mú ìwé ìkọ̀wé.